Síkírìnì Inú Ọkọ̀: Iṣẹ́ Ìjókòó Ni, Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Ìrìn

Bí awakọ̀ kan bá dúró níwájú iná pupa ní Plumstead Road, tó mú fóònù lọ́wọ́ láti yí orin padà, ó ti rú òfin Ìlú Ọba. Bí ẹlòmíràn bá ń sáré lọ lójú ọ̀nà kan náà, tó ń fi ìka fa síkírìnì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù sókè sódò láti wá orin yẹn gan-an, kò sí òfin tó dárúkọ ohun tó ń ṣe. Ọkọ̀ ti àkọ́kọ́ dúró, ti èkejì ń lọ. Síbẹ̀ ẹni àkọ́kọ́ ni ọlọ́pàá lè fi pọ́ìntì sí láísẹ́ǹsì rẹ̀ láìjanpata. Àlàfo yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Èrò mi ni pé iṣẹ́ ìjókòó ni iṣẹ́ síkírìnì inú ọkọ̀, yálà ti orin tàbí ti ìtọ́nà: ó yẹ kó ti parí kí táyà tó yí. Òfin kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kò sì ṣe é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹ̀rí tẹ̀ sí. Woolwich àti Thamesmead, ní gúúsù ìlà oòrùn London, ni n ó ti wo ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé àwọn Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ òòjọ́. Ó tún jẹ́ àdúgbò kan tí odò, owó ibodè àti bí wọ́n ṣe kọ́ ilé ti máa ń da ẹ̀rọ atọ́nà láàmú.

Ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ ìdílé láti gbé Thamesmead láìní ọkọ̀. Greater London Council, ìjọba London ìgbà náà, ló kọ́ ọ sórí ilẹ̀ àbàtà Plumstead àti Erith àti sórí apá kan ilẹ̀ Royal Arsenal, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ohun ìjà. Ọdún 1968 ni àwọn olùgbé àkọ́kọ́ kó débẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ọkọ̀ ojú irin kò wọ inú Thamesmead fúnra rẹ̀. Abbey Wood ni ibùdó tó sún mọ́ ọn jù, níbi tí Elizabeth line ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2022. Ẹni tó ń gbé lẹ́bàá adágún Southmere lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ẹni tó ń gbé lápá etí odò Thames yóò wọ bọ́ọ̀sì, tàbí kó wakọ̀. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ púpọ̀ nínú àwọn èèyàn wa kì í ṣe iṣẹ́ ojú kan: olùtọ́jú arúgbó tó gbọ́dọ̀ wọ ilé púpọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, nọ́ọ̀sì tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ láti Queen Elizabeth Hospital ní Stadium Road, awakọ̀ minicab, ẹni tó ń gbé ìsaasùn àríyá kiri. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, ilé sinimá àtijọ́ méjì tí wọ́n kọ́ ní 1937, tí wọ́n sì kọjú síra nítòsí fẹ́rì Woolwich, á kún fún èrò: ọ̀kan ti di New Wine Church, èkejì ti di ti Christ Faith Tabernacle. Awakọ̀ tó ń wá ibi tí yóò gúnlẹ̀ sí, tí ìyìn ń dún nínú ọkọ̀, tí sat nav ń sọ̀rọ̀ lé orin náà lórí, tí àwọn ọmọ ń pariwo lẹ́yìn, òun ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí.

Kì í ṣe àná ni síkírìnì wọ inú ọkọ̀. Buick Riviera ti ọdún 1986 ní Amẹ́ríkà ti ní èyí tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀. Àwọn tó rà á kùn, ilé iṣẹ́ náà sì yọ ọ́ kúrò láàárín ọdún díẹ̀. Ìran kejì Toyota Prius, tó jáde ní 2003, gbé púpọ̀ nínú ìdarí amúlétutù àti rédíò sórí síkírìnì, Prius sì di ọkọ̀ tí àwọn onímọ́tò minicab London yàn láàyò. Ní 2012, Tesla Model S kó púpọ̀ nínú bọ́tìnnì tó kù dànù, ó fi síkírìnì 17 ínṣì rọ́pò wọn. Ní 2014 ni Apple gbé CarPlay jáde, Google sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú Android Auto, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó wà lórí fóònù ṣe wá ń hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìdí tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀ kò farasin. Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀, ó ní àyè tirẹ̀, ó sì ní owó tirẹ̀. Àwòrán bọ́tìnnì lórí gíláàsì kò náni ní nǹkan kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ ètò rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ má gbàgbé pé ojú gíláàsì tó ń dán máa ń ta ọkọ̀. Ṣùgbọ́n tí ọwọ́ bá kan bọ́tìnnì, ọwọ́ mọ ohun tó kàn. Ọwọ́ kò lè dá nǹkan kan mọ̀ lára gíláàsì. Ojú ló gbọ́dọ̀ sìn ín débẹ̀, ojú kan náà tó yẹ kó máa ṣọ́ ọ̀nà.

Ẹ̀rí tó wà lórí èyí kì í ṣe àhesọ. Ní 2020, IAM RoadSmart, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìwakọ̀ tó gún régé ní Ìlú Ọba, ní kí àwọn onímọ̀ TRL, ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa ìrìnnà, fi ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ọkọ̀ dán àwọn awakọ̀ wò. Àwọn tí wọ́n dán wò kì í ṣe àjèjì sí síkírìnì. Wọ́n ti ń lo CarPlay tàbí Android Auto tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń fi ìka tẹ CarPlay, àkókò tí wọ́n fi ń dáhùn sí ohun tó yọ lójú ọ̀nà fi ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún gùn sí i. Ti Android Auto jẹ́ 53. Nínú àwọn ìdánwò tí TRL ti ṣe ṣáájú, ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù fi ìdá 35 lọ́ra, ẹni tó fa igbó fi ìdá 21, ẹni tó mutí dé ojú ààlà òfin fi ìdá 12. Ìdánwò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n búra pé síkírìnì fi ìlọ́po báyìí burú ju ọtí lọ; ọtí kì í kúrò lára nígbà tí orin bá ti yí padà, ìka sì lè kúrò lójú síkírìnì. Ohun tó kọ mí lóminú jù nínú àbọ̀ náà tilẹ̀ jẹ́ nǹkan mìíràn. Àwọn awakọ̀ kan mú ojú kúrò lọ́nà tó ìṣẹ́jú-àáyá 16, nígbà tí wọ́n sì bi wọ́n léèrè, iye tí wọ́n rò pé àwọn lò fi tó ìṣẹ́jú-àáyá 5 dín sí iye tí wọ́n lò ní tòótọ́. Èyí ni pé ẹni tó bá sọ pé “mo kàn wò ó fìrí ni” lè má purọ́. Ohun tó gbà gbọ́ ló ń sọ, bẹ́ẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ University of Utah ṣe irú iṣẹ́ yìí fún AAA Foundation ní 2017. Wọ́n rí i pé títẹ ibi tí èèyàn ń lọ sínú ẹ̀rọ atọ́nà máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 40. Ọkọ̀ tó ń sá máìlì 30 ní wákàtí kan yóò ti rìn ju ìdajì kìlómítà lọ kí ó tó parí. Ọdún 2013 ni àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà ti fi ìlànà síta pé kí wíwo síkírìnì lẹ́ẹ̀kan má ju ìṣẹ́jú-àáyá 2 lọ, kí gbogbo iṣẹ́ náà lápapọ̀ má sì ju 12 lọ. Ìmọ̀ràn lásán ni, kì í ṣe òfin, nítorí náà kò so ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ìdánwò tí ìwé ìròyìn Vi Bilägare ti ilẹ̀ Sweden ṣe ní 2022 ló yé tẹrú tọmọ jù. Wọ́n kó ọkọ̀ tuntun 11 jọ, wọ́n sì mú Volvo V70 ti ọdún 2005 kan mọ́ ọn, èyí tó jẹ́ pé bọ́tìnnì nìkan ló ní. Wọ́n fún awakọ̀ láyè kó kọ́kọ́ mọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan dáadáa, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kó máa sá kìlómítà 110 ní wákàtí kan, kó sì ṣe àwọn iṣẹ́ kéékèèké: kó yí rédíò sí ìkànnì kan, kó mú ìjókòó gbóná, kó dín iná dáṣíbọ́ọ̀dù kù, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Volvo àgbàlagbà yẹn, gbogbo rẹ̀ parí ní ìṣẹ́jú-àáyá 10, ọkọ̀ náà sì ti rìn ní mítà 306. Nínú MG Marvel R, ó gba ìṣẹ́jú-àáyá 44.9, ọkọ̀ náà sì ti rìn ní mítà 1,372. Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà síkírìnì yóò yára tọ́ka sí i pé Dacia Sandero àti Volvo C40, tí àwọn náà ní síkírìnì, kò kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 14 nínú ìdánwò kan náà. Òótọ́ ni, ó sì ṣe pàtàkì. Ó fi hàn pé gíláàsì nìkan kọ́ ni ọ̀tá; ètò tó fi ohun tí à ń lò lójoojúmọ́ pamọ́ sẹ́yìn ojú ewé mẹ́ta ló burú jù. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: èyí tó dára jù láàárín àwọn tuntun ṣì gbẹ́yìn ọkọ̀ tó ti pé ọdún 17 nígbà náà.

Níbo ni òfin wà nínú gbogbo èyí? Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2003 ni Ìlú Ọba ti kà á léèwọ̀ láti mú fóònù lọ́wọ́ wakọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, ìjìyà rẹ̀ di pọ́ìntì 6 àti £200. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 2022 ni wọ́n dí àwọn ihò tó kù: yíya fọ́tò, yíyí orin, ṣíṣe géèmù, gbogbo rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ bí fóònù bá ti wà lọ́wọ́, ì báà jẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ohun tí gbogbo òfin yìí ń ṣọ́ ni ọwọ́. Fóònù tó wà lára ohun ìgbéró, àti síkírìnì tí wọ́n kọ́ mọ́ ọkọ̀, bọ́ lọ́wọ́ òfin yẹn. Òótọ́ ni pé ọlọ́pàá lè fi ẹ̀sùn ìwakọ̀ aláìbìkítà tàbí àìlèkápá ọkọ̀ kan ẹni tí síkírìnì gbà lọ́kàn, Ìwé Òfin Ojú Pópó náà sì kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní òfin 150. Ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí ọkọ̀ bá ṣe ségesège, tàbí tó bá ti gbá nǹkan, kí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ tó dìde. Wọn kò dúró de jàǹbá kí wọ́n tó mú ẹni tó mú fóònù lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ju àwọn yòókù lọ. Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà kò ju oṣù 12 lọ fún ẹni tó wá gbé Ìlú Ọba. Lẹ́yìn náà, àfi kó lọ ṣe ìdánwò bí ọmọdé. Nígbà tó bá sì yege, ọdún méjì àkọ́kọ́ gún bí ẹ̀gún: pọ́ìntì 6 péré, láísẹ́ǹsì ti lọ, a tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Fóònù mímú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó bẹ́ẹ̀. Fún olùtọ́jú arúgbó tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró lórí ọkọ̀, iṣẹ́ náà lè bá a lọ. Àbájáde rẹ̀ ni pé àwọn èèyàn wa kọ́ láti bẹ̀rù fóònù, wọn kò kọ́ láti bẹ̀rù síkírìnì, wọ́n sì rò pé ohun tí òfin kò lù kò lè pani.

Síbẹ̀, ìjọba fúnra rẹ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ibi tí òtítọ́ wà, nínú ìdánwò ìwakọ̀ yẹn náà. Láti ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 2017, nǹkan bí ẹni 4 nínú 5 tó ń ṣe ìdánwò ni wọ́n ń ní kó tẹ̀ lé sat nav. Ta ló gbé sat nav náà kalẹ̀? Olùdánwò ni. Ta ló tẹ ibi tí wọ́n ń lọ sínú rẹ̀? Òun náà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní fọwọ́ kàn án rárá. Bó bá sì ṣìnà, wọn kò ní gba máàkì kankan lọ́wọ́ rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ṣe àṣìṣe ìwakọ̀. Mo ka ètò yìí sí ìlànà tó dára jù tí ìjọba tíì gbé jáde lórí síkírìnì: tò ó kí o tó gbéra, gbọ́ ohun tó ń sọ, ṣìnà bó bá gbà bẹ́ẹ̀, má sì fi ìka wá ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ ń lọ. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ọjọ́ ìdánwò nìkan ni ìlànà náà wúlò. Ilé ẹjọ́ gíga Karlsruhe ní Jámánì ti lọ síwájú jù bẹ́ẹ̀. Ní 2020, wọ́n fọwọ́ sí ìjìyà ọkùnrin kan tó wà nínú Tesla lójú òjò, tó ń wá bí wáípà yóò ṣe yára lórí síkírìnì, tó fi já kúrò lójú títì. Ilé ẹjọ́ ní ẹ̀rọ ni síkírìnì náà gẹ́gẹ́ bí fóònù ṣe jẹ́ ẹ̀rọ, ohun yòówù kí wọ́n fi ṣe. Wọ́n gba €200 lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbà á ní ẹ̀tọ́ ìwakọ̀ fún oṣù kan.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Woolwich, nítorí pé níbẹ̀ ni títò ó kí èèyàn tó gbéra ti ń pa owó mọ́. Ẹni tó wà ní Thamesmead tó fẹ́ sọdá Thames lọ sí Barking tàbí Stratford kò ní afárá kankan nítòsí. Fẹ́rì Woolwich ń gbé ọkọ̀ sọdá lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1889, ṣùgbọ́n kì í ṣiṣẹ́ lóru, ìlà rẹ̀ sì lè gùn. Ọ̀nà abẹ́ omi Blackwall jẹ́ ọ̀fẹ́ títí di ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 2025, nígbà tí wọ́n ṣí ti Silvertown tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ní méjèèjì. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, mọ́tò kékeré ń san £4 ní wákàtí tí èrò pọ̀, £1.50 ní wákàtí yòókù bí ẹni náà bá ti forúkọ sílẹ̀ fún Auto Pay. Láti aago 10 alẹ́ sí aago 6 àárọ̀, kò sí owó. Dartford tó wà níwájú ń gba £3.50 láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Rotherhithe jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ ó jìnnà, ó sì fún. Kò sí ibodè kankan tí ẹnì kan ti ń na ọwọ́ gba owó ní àwọn tó jẹ́ olówó: kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà ọkọ̀. Ti Blackwall àti Silvertown, awakọ̀ ní títí di òru ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọjọ́ tó kọjá níbẹ̀ láti san án. Ti Dartford, títí di òru ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá gbàgbé yóò rí ìwé ìtanràn gbà nílé.

Nínú irú ipò yìí, bí èèyàn ṣe tò ẹ̀rọ atọ́nà ló ń sọ iye tí ìrìn àjò yóò jẹ. Bó bá ti sọ fún un pé kó yẹra fún ọ̀nà tí wọ́n ti ń gba owó, ẹ̀rọ náà lè darí rẹ̀ sí fẹ́rì. Bó bá tún ti sọ pé kó yẹra fún fẹ́rì, ó lè mú un yí gbogbo ìlú ká. Sat nav tí wọ́n kọ́ mọ́ ọkọ̀ àtijọ́, tí wọn kò tún máàpù rẹ̀ ṣe láti ọdún 2025, kò tilẹ̀ mọ̀ pé Silvertown wà, kò sì mọ̀ pé Blackwall ti di olówó. Irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Woolwich rí. Nígbà tí wọ́n fẹ ULEZ, agbègbè tí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ ti ń sanwó, lójú dé South Circular ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, John Wilson Street di ààlà: ẹni tó bá fi ọkọ̀ àtijọ́ yà sí apá ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ yóò san £12.50, ẹni tó bá yà sí ọ̀nà Plumstead kò ní san nǹkan kan. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni ULEZ gba gbogbo London, ààlà náà sì parẹ́. Láàárín ọdún méjì yẹn, ibi tí èèyàn ti yíwọ́ ní ráńdábáòtù kan ṣoṣo ló ń sọ bóyá yóò sanwó. Níbi tí ọ̀nà ti pín sí Blackwall àti Silvertown lápá Greenwich lónìí, tí ọ̀nà apá òsì nínú Silvertown sì jẹ́ ti bọ́ọ̀sì àti tírélà nìkan, kò sí ibi tó burú tó ibẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ síkírìnì. Àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn á ti rántí pé àwọn kò tíì yan ọ̀nà.

Thamesmead ní wàhálà tirẹ̀, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú owó. Postcode ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń tẹ̀ sínú sat nav, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń pín lẹ́tà ni wọ́n ṣe postcode fún. Ọ̀kan lè kó bí ilé 15 pọ̀, ẹ̀rọ atọ́nà a sì máa gbé èèyàn lọ sí àárín wọn. Níbi tí ilé tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kò sí ìyọnu. Ṣùgbọ́n àwọn tó ya àwòrán Thamesmead mọ̀ọ́mọ̀ ya ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kúrò lára ọ̀nà ọkọ̀. Nítorí ìkún omi ọdún 1953, wọn kò gbé yàrá sí ìsàlẹ̀ nínú àwọn ilé àkọ́kọ́. Gáréèjì ni wọ́n fi síbẹ̀, wọ́n sì gbé ojú ọ̀nà àwọn èèyàn sókè. Wọ́n ti wó púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà òkè yẹn, àmọ́ àṣà rẹ̀ ṣì wà nínú àdúgbò: ẹnu ọ̀nà ilé lè kọjú sí ọgbà tí ọkọ̀ kò lè dé, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà lójú títì. Ẹ̀rọ á ní “o ti dé,” ilé kò sì sí níbẹ̀. Awakọ̀ á wá máa rìn díẹ̀díẹ̀, á máa fi ìka méjì fẹ máàpù lójú, lójú ọ̀nà tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń gbà kọjá. Máàpù náà kò lè sọ ohun tó ń wá fún un. Ohun tó lè ràn án lọ́wọ́ ni kó gúnlẹ̀, kó pe onílé, tàbí kó ti mọ àdúgbò náà sórí. Èyí kò le tó bí a ṣe rò. Ní 2000, Eleanor Maguire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London rí i pé apá kan nínú ọpọlọ àwọn onítakísí London, àwọn tó há ẹgbẹẹgbẹ̀rún òpópónà sórí, tóbi ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Òpópónà Thamesmead kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n há sórí yẹn.

Àtakò tó wà nílẹ̀ kò kéré. Èkínní ni pé nígbà ayé ìwé máàpù A–Z, ńṣe ni awakọ̀ ń tẹ́ ìwé sórí itan, tó ń wá ọ̀nà pẹ̀lú ojú kan. Òótọ́ ni, ó sì léwu. Àmọ́ ìwé kò mọ́lẹ̀ lóru, kò dún, kì í sì í yọ ìkéde pé ẹnì kan ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ kà á mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ó yẹ kí òun dúró. Ọgbọ́n síkírìnì ni pé ó mú kí kíkàwé nínú ìrìn dà bí apá kan ìwakọ̀.

Èkejì lágbára jù: pé kí a lo ohùn dípò ìka. Ìdánwò TRL yẹn kan náà dáhùn rẹ̀. Ohùn sàn ju ìka lọ, ṣùgbọ́n ìdáhùn awakọ̀ ṣì fi ìdá 30 lọ́ra pẹ̀lú Android Auto, 36 pẹ̀lú CarPlay. Fún àwa, ìṣòro mìíràn tún wà níbẹ̀. Siri kò gbọ́ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ìgbà ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í sì í dá orúkọ wa mọ̀ bí a ṣe ń pè é. Ẹni tó bá ní kó pe Olúwafúnmiláyọ̀ yóò tún un sọ, yóò tún un sọ, ìbínú á dé, ìka á sì padà sí síkírìnì. Ní 2019 ni Google fi ohùn ọmọ Nàìjíríà kún ẹ̀rọ atọ́nà rẹ̀, ó sì dùn mọ́ni gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ bíi wa kò ní kó máa gbọ́ wa.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn awakọ̀ Uber àti Bolt, mo sì gbà pé òun ni kò ní ìdáhùn tó rọrùn. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń gba orí síkírìnì wọlé. Àwọn tó bá pe ọkọ̀ á yọ síbẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni awakọ̀ sì ní láti gbà tàbí kọ̀. Ẹ kò lè sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó má fọwọ́ kàn án, àfi tí ẹ bá fẹ́ kí ebi pa á. Ẹni tó ṣe ètò náà ló yẹ kí a dá lẹ́bi, kí òfin sì bá wí: bí ọkọ̀ bá ń lọ, kí ìbéèrè náà dúró dè é. Púpọ̀ nínú wọn tún ń wa Prius tí wọ́n kó wá láti Japan, tí síkírìnì rẹ̀ ń sọ èdè Japan, tí máàpù inú rẹ̀ kò mọ Woolwich yàtọ̀ sí Wolverhampton, tí rédíò rẹ̀ kò sì lè dé ibi tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ rédíò Ìlú Ọba wà, nítorí ibi tí FM Japan parí sí. (Àwọn tó ra tòkúnbọ̀ ní Nàìjíríà, tí máàpù Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀, mọ irú eléyìí dáadáa.) Wọ́n á wá fi fóònù lé orí síkírìnì tó ti wà, ó di méjì. Àwọn mìíràn á yọ ọ́, wọ́n á fi síkírìnì Android tí wọ́n rà lówó pọ́ọ́kú rọ́pò rẹ̀, èyí tó lè gbé YouTube. Níbi yìí, òfin yé kedere: láti 1986 ni òfin tó ń ṣàkóso bí a ṣe ń ṣe ọkọ̀ àti bí a ṣe ń lò ó ti ka àwòrán tó ń rìn léèwọ̀ níbi tí ojú awakọ̀ ti lè rí i, àyàfi bó bá jẹ́ nípa ọkọ̀ náà, ibi tó wà tàbí ọ̀nà tó ń gbà. Ẹni tó ń wo ìwàásù lórí síkírìnì nígbà tó ń wakọ̀ lọ sí ilé ìjọsìn ń dẹ́ṣẹ̀ lójú òfin.

Ìyípadà ti ń bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lọ́ra. Láti 2026, Euro NCAP, àjọ tó ń fún ọkọ̀ ní ìràwọ̀ ààbò ní Yúróòpù, ń wo bóyá ọkọ̀ ní ohun tí ọwọ́ lè dì mú fún tírafíkétọ̀, iná pàjáwìrì, fèrè, wáípà àti ìpè ìrànlọ́wọ́, kí ó tó lè gba ìràwọ̀ márùn-ún. Wọn kò fi rédíò àti amúlétutù kún un, àwọn méjèèjì sì ni ọwọ́ wa ń lọ síbi wọn jù. Lójú tèmi, ó yẹ kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Westminster parí ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2022: kí wọ́n ṣọ́ ojú, kì í ṣe ọwọ́ nìkan, kí síkírìnì tó wà lára ọkọ̀ má ṣe gba kí a tẹ àdírẹ́sì sínú rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń lọ. Àwọn ọkọ̀ kan ti ń ṣe é. Àwọn kan yóò ní èrò tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì yẹ kó máa tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ òde òní ti mọ̀ bóyá ẹnì kan wà lórí ìjókòó yẹn tàbí kò sí, òun kan náà ló ń han wá létí pé a kò de bẹ́líìtì.

Títí òfin yóò fi dé, ọwọ́ olówó ni agbára wà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ọkọ̀, ẹ jókòó sínú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, ẹ di ojú yín, kí ẹ sì gbìyànjú láti dín ohùn rédíò kù, láti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí gíláàsì iwájú, láti pa ohùn ẹ̀rọ atọ́nà. Bí ọwọ́ yín kò bá lè ṣe é láìsí ojú, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹni tó tà á, ẹ wá òmíràn.